Atìlẹ̀kùn, Ẹmẹ̀wà Ọba Ọ̀gbẹlẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ara ṣe ń rí fún ẹyẹ inú àgò, kó wá wo Mounirou lójú ọ̀nà ọjà Bantè nígbà tí àwọn ọmọ iléèwé bá jáde. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni dì í lókùn. Alùpùpù rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, epo wà nínú rẹ̀, ọ̀nà sì là gbàǹgbà níwájú. Ṣùgbọ́n ọmọ kan á kàn yọ orí lẹ́yìn igi kajú, á figbe ta:

"Atìlẹ̀kùn, ọmọ ọlọ́wọ́ irin!"

Àwọn yòókù á gbè é:

"A-fọwọ́-kan-ilẹ̀kùn-kílẹ̀kùn-ó-gbọ́! Ó tìlẹ̀kùn tán, ọ̀nà di ògiri!"

Mounirou á tẹ bíréèkì. Á fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀, á ṣí fìlà, á tẹrí ba díẹ̀, á ní, "Mo gbọ́ o, ẹ ṣeun." Àwọn ọmọ á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á sáré gba ẹ̀yìn ilé, wọ́n á tún yọ níwájú, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Òun náà á tún dúró. Ọjọ́ mìíràn wà tí ẹran tó rà lọ́jà á ti máa rùn kó tó fi délé.

Ẹ má rò pé orí rẹ̀ dàrú. Alágbẹ̀dẹ ni wọ́n nílé wọn láti ìran bàbá, òun náà sì ń fi iná mànàmáná jó irin pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: ilẹ̀kùn onírin, fèrèsé onírin, géètì. Nínú agboolé alágbẹ̀dẹ yẹn, ẹni tí wọ́n bá ń kì kì í kọjá lọ bí ẹni tí ajá ń gbó. Ìyá rẹ̀, Rakia, ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé. Ó ní oríkì kì í ṣe ohùn ẹni tó ń kì í; àwọn tó ti lọ ló ń yá ẹnu alààyè láti fi kí ọmọ wọn. Bí o bá kọjá lára ẹnu yẹn, àwọn lo kọjá lára wọn. Mounirou ti hu ewú nínú ìdúró yìí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n ju òun fúnra rẹ̀ lọ, bí ọmọdé bá sì ń fi ṣeré, ẹsẹ̀ kò mọ eré.

Níbo làwọn ọmọ ti rí oríkì ilé onílé? Nínú ìwé alápèjúwe kan ni, èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń pè ní bédé. Àwòrán ló kún inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ Faransé sì wà lẹ́nu àwọn èèyàn inú àwòrán. Prince ló yà á, ọmọ Siméon káfíńtà, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun tí ọgbà rẹ̀ fẹ̀gbẹ́ kan ọgbà Mounirou. Prince ti kó lọ sí Savalou, ó ń kọ pátákó fún àwọn aránṣọ àti onídìrí níbẹ̀, bédé ló sì fi ń gbádùn ara rẹ̀. Nínú bédé náà, ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Abómirìn, ibi tó bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ni omi ti ń sun. Ọ̀tá rẹ̀ ni Ọba Ọ̀gbẹlẹ̀. Ọba Ọ̀gbẹlẹ̀ sì ní ẹmẹ̀wà kan, oníṣẹ́ ibi, tó ń jẹ́ Atìlẹ̀kùn, tí ohun tó bá fọwọ́ kàn á tì pa; olè ni àwọn ọmọ ń pe irú ẹni burúkú inú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ojú Atìlẹ̀kùn kan ti fọ́, bí iná irin ṣe fọ́ ti Mounirou. Eyín iwájú rẹ̀ kan ti yọ, apá ibẹ̀ náà ni ti Mounirou ti yọ. Ó ń tẹ fìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí òsì. Bí àwòrán yẹn bá sọnù lọ́jà, Mounirou ni wọn ì bá gbé e lọ fún nílé.

Ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹ̀rín. Salifou tó ń lẹ táyà ní ọ̀ọ́kán ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló kọ́kọ́ ké sí i: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ fọwọ́ kan ẹnu ìyàwó mi fún mi." Mounirou náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tìẹ ni kí n kọ́kọ́ tì, òun ló ti ń jò." Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tó bá pẹ́ nílẹ̀ a máa kan. Ilẹ̀kùn ìsọ̀ kan há lọ́jà, wọ́n ní Mounirou ló gba ibẹ̀ kọjá. Aboyún kan tí oyún rẹ̀ ti lé lóṣù rí i lọ́ọ̀ọ́kán, ó sọdá sí ìhà kejì. Ẹni tó ti ní kó bá òun ṣe géètì wá ń yí ọ̀rọ̀ po, ó ní òun kò tíì múra tán. Mounirou jókòó sáàárín àwọn irin tó fúnra rẹ̀ gé, ó ń wo títì láti àárín wọn.

Síbẹ̀ ó mú un mọ́ra. Yẹ̀yẹ́ kì í pa àgbà, ìbínú sí yẹ̀yẹ́ ni í pa á. Ìgbà tí Samiath bímọ ni ọ̀rọ̀ yìí wá wọ eegun.

Samiath nìkan lọmọ rẹ̀. Ìyá Samiath ti kú, Rakia náà ti kú, Mounirou kò sì ní arábìnrin kankan. Chitou, olùkọ́ kan ní Tchetti, ló fẹ́ Samiath, ọmọ ọkùnrin ló sì bí fún un. Nílé Mounirou, bàbá ìyá ọmọ ni í gbé ọmọ tuntun lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, tí alùfáà bá ti ṣàdúà tán, tí yóò sì pe oríkì ilé sí i létí. Oríkì tí kò bá wọ etí ọmọ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ní ó ti gba ọ̀run lọ nìyẹn, kò ní í padà wá fún àbúrò rẹ̀. Kò sí ọmọ mìíràn lẹ́yìn èyí tí Mounirou lè fojú sọ́nà fún. Bí kò bá kọjá sí etí ọmọ yìí, ọ̀dọ̀ òun ló kú sí.

Bí inú rẹ̀ ṣe ń dùn ni ìyá Chitou, Roukayath, pè é lórí fóònù.

"Bàbá Samiath, ẹ kú oríire o! Ẹ kú ewu ọmọ! Ẹ wá o. Ẹ wá jẹun, ẹ wá ṣe àmín. Ṣùgbọ́n oríkì yẹn, ẹ dákun, ẹ fi sílé."

"Oríkì wo, Ìyá Chitou?"

"Èyí tí àwọn ọmọ ilé wa fi ń lé ara wọn kiri àgbàlá. Ti olè inú ìwé yẹn. Ẹ má bínú sí mi, àna mi. A ò ní í fi olè kí ọmọ tuntun káàbọ̀."

Ọ̀rọ̀ àna, ẹ̀gún inú ọ̀fun: a kì í gbé e mì, a kì í sì í tu ú sílẹ̀ lójú àwo. Mounirou ní, "Mo ti gbọ́." Bí ilẹ̀ ti ń mọ́, ó gun alùpùpù, ó kọrí sí Savalou. Ọyẹ́ ń fẹ́, eruku pupa kùn ún lójú, kò dúró níbì kankan.

Ó bá Prince nínú yàrá kótópó kan tó kún fún ọ̀dà àti pátákó. Lẹ́yìn ògiri, àwọn obìnrin ń fi èdè Mahi ná ọjà. Bí Prince ṣe rí i, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sáàárín ọ̀dà.

"Bàbá Samiath! Ẹ kú ìrìn o. Ẹ jókòó, ẹ fún mi láyè kí n wá omi."

"N kò mumi. Prince, kí ni mo ṣe fún bàbá rẹ?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan, Bàbá."

"Kí wá ni mo ṣe nínú ìwé? Kà á fún mi. Èmi ò gbọ́ Faransé. Wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ yìí lù mí, n kò tíì rí pàṣán náà."

Prince jókòó sórí agolo ọ̀dà, ó ṣí ìwé, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀. Ó ní ọmọ alágbẹ̀dẹ ni Atìlẹ̀kùn. Nígbà tó wà ní kékeré, àwọn akónilẹ́rú ya wọ ìlú. Ó sá wọ ilé àgbẹ̀dẹ, ó fọwọ́ ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn sì gbọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àbúrò rẹ̀ wà níta. Wọ́n kànkùn, wọ́n kànkùn. Nígbà tí yóò fi fẹ́ ṣí i, kò ṣí mọ́. Láti ọjọ́ náà ni agbára ti wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Bó bá fọwọ́ kan kànga, ẹnu kànga á pa dé. Bó bá fọwọ́ kan ìkòkò, ìdérí á di mọ́ ọn. Bó bá fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ èèyàn, onítọ̀hún kò ní í sọ̀rọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ti tì, kò lè ṣí i. Kò sẹ́ni tó jẹ́ kó wọlé òun mọ́. Bó ṣe ń rìn kiri ni Ọba Ọ̀gbẹlẹ̀ pè é, ó sì tẹ̀ lé e, torí òun lẹni àkọ́kọ́ tó pè é.

"Ohun kan ṣoṣo ló lè dá a dúró," ni Prince wí. "Bí wọ́n bá kì í, ó gbọdọ̀ dúró, kó ṣí fìlà, kó dáhùn. Àsìkò yẹn ni Abómirìn fi ń sá lọ. Faransé ni mo fi kọ ìyókù, ṣùgbọ́n mo fi oríkì sílẹ̀ bí mo ṣe gbọ́ ọ."

Mounirou tẹjú mọ́ ìwé náà. Ó wá bèèrè, "Èmi wá ni ọ̀gá àwọn olè?"

"Áà, rárá o, Bàbá! Ọ̀gbẹlẹ̀ lọ̀gá. Ẹ̀yin kàn ń bá a dilẹ̀kùn mú ni. Ẹ kì í tiẹ̀ pẹ́ nínú ìwé."

"Háà! O fi mí ṣolè, o ò tún jẹ́ kí n ṣọ̀gá?"

Ẹ̀rín fẹ́ gba Prince, ó fọwọ́ bo ẹnu. "Bàbá, ẹ gbọ́. Nígbà tí mo kéré, mo gbà pé kò sẹ́ni tó lágbára tó yín. Iná ń tàn lọ́wọ́ yín, ẹ ò sá fún un. Àràárọ̀ ni Ìyá Rakia máa ń fún mi ní iṣu díndín lẹ́yìn ilé, bí ẹ bá sì ti ń gbé alùpùpù jáde, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kì yín. Ẹ̀yin alágbára yìí, ẹ ó dúró gbagidi bí ewúrẹ́ tó rí okùn. Mo ní nínú ara mi pé ohun kan ṣoṣo tó lè mú ọkùnrin yìí nìyẹn. Ibẹ̀ ni Atìlẹ̀kùn ti wá. Mi ò mọ̀ pé yóò padà bá yín nílé."

"Yọ ọ́ kúrò."

"Ìwé ti wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn, Bàbá. N kò lè gbà á padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àfi bí ẹ̀yin fúnra yín bá lọ sí iléèwé, kí ẹ sọ fún wọn pé oríkì yẹn kì í ṣe tiyín."

"Kí n sẹ́ bàbá mi lójú ọmọdé?"

Prince sọ orí kọ́. Lẹ́yìn ògiri, ọjà tà, àwọn obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín.

"Pa á," ni Mounirou wí níkẹyìn.

"Bàbá?"

"Ẹmẹ̀wà Ọ̀gbẹlẹ̀ yẹn. Òun náà lè kú. Pa á, kí àwọn àna mi rí òkú rẹ̀, kí n lè kí ọmọ mi."

Prince fa bébà jáde. Ó ya ikú náà lójú Mounirou níbẹ̀. Atìlẹ̀kùn sá wọ ihò àpáta, ó fọwọ́ kan ẹnu ihò, àpáta pa dé mọ́ ọn. Àwòrán tó kẹ́yìn, ojú rẹ̀ kan ṣoṣo ló hàn nínú òkùnkùn. Mounirou ń wo ara rẹ̀ bí pẹ́ńsù ṣe ń dí i mọ́lé díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Prince ní, "Lọ́la ni n ó fi ránṣẹ́ sí àwọn atẹ̀wé," ó ní, "Ó ṣeun, ọmọ mi." Ó ká ẹ̀dà kan sínú àpò ẹ̀wù, ó sì wá ibi sùn sí nílùú.

Lọ́jọ́ kejì, Tchetti gbàlejò. Wọ́n tẹ́ ẹní sábẹ́ ìbòòji, alùfáà ṣàdúà, wọ́n sọ ọmọ náà ní Issifou. Mounirou fa bébà yọ, ó nà án sí Chitou. Chitou kà á, ó rẹ́rìn-ín.

"Màmá, Atìlẹ̀kùn ti kú!"

"Lóòótọ́?" Roukayath gba bébà, ó wò ó sókè, ó wò ó nísàlẹ̀. "Ẹ̀ẹ́n! Ó mà há mọ́nú òkúta! Ó tọ́ sí i!" Bébà ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ọmọbìnrin kékeré kan nínú agbo bú sẹ́kún, ó ní, "Ta ni yóò máa ṣe bíi tirẹ̀ mọ́?" Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Roukayath gbé ọmọ tuntun lọ́wọ́ Samiath, ó fi lé Mounirou lọ́wọ́. "Ó dáa, àna mi. Ó ti tán. Ẹ kí ọmọ yín."

Samiath sún mọ́ bàbá rẹ̀. Mounirou tẹ orí sí etí ọmọ náà, ó lanu.

"Atìlẹ̀kùn, ọmọ ọlọ́wọ́ irin. A-fọwọ́-kan-ilẹ̀kùn-kílẹ̀kùn-ó-gbọ́. Ó tìlẹ̀kùn tán, ọ̀nà di ògiri."

Ó dúró. Ó fẹ́ máa lọ, kò rí ibi tí yóò gbà.

Ó mọ̀ pé ó kù. Ìyá rẹ̀ a máa kì í títí iná ààrò fi ń kú. Ohun kan wà nípa ogun. Èèpo iṣu kan wà níbì kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń kì kì í há oríkì sórí. Orí tó ń wú kò láyè ẹrù. Obìnrin ní í kini nílé wọn, àfi lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, òun kò sì tíì ṣe èyí rí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó dúró, kó ṣí fìlà, iṣẹ́ yẹn nìkan ló sì kọ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó tún dé ibi ògiri, ó dúró. Ìgbà náà ló wá gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Kì í ṣe ohùn Rakia ló fi ń pè é, ohùn àwọn ọmọ iléèwé Bantè ni, bí wọ́n ṣe máa ń fà á lẹ́yìn igi kajú. Ìwọ̀nba tí wọ́n fi ń ṣe é ní yẹ̀yẹ́ lójoojúmọ́ nìkan ló kù sí i lórí. Èyí tí wọn kò fi ṣe é ní yẹ̀yẹ́ ti bá ìyá rẹ̀ lọ.

"Bàbá?" ni Samiath wí jẹ́ẹ́.

"Ẹ máa lọ, àna mi," ni Roukayath wí. "Ọmọ ń gbọ́."

Mounirou fi ọwọ́ kan gbá ọmọ mọ́ra, ó fi ìkejì wá fóònù. Ó pe Prince. Kò dìde, kò lọ sẹ́yìn ilé. Gbogbo agbo ló ń gbọ́.

"Prince, ṣé o ti fi ránṣẹ́?"

"Mo fẹ́ fi ránṣẹ́ báyìí ni, Bàbá. Ẹ kú ìnáwó o!"

"Kí ló kàn lẹ́yìn 'ọ̀nà di ògiri'?"

"Ẹ ní kí ni?"

"Ìyá mi. Nígbà tí o ń jẹ iṣu. Kí ni wọ́n máa ń sọ tẹ̀ lé e?"

Ohùn Prince ọmọ Siméon jáde láti Savalou, ó rọra ń wá a bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ wá àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn:

"Ogun dé, ogun jókòó síta, ó ń bi èèpo iṣu léèrè ará ilé. Èèpo iṣu ní òun ò mọ̀ wọ́n. Ó ṣílẹ̀kùn, àlejò wọlé. Ó ṣílẹ̀kùn, aboyún sọ̀ láyọ̀. Ẹni tó mọ títì ló mọ ṣíṣí, ọmọ Atìlẹ̀kùn..." Prince dúró. "Ó ṣì kù, Bàbá. N ó rántí rẹ̀. Bí mo bá ń yà yín ni mo máa ń rántí rẹ̀."

Mounirou di ojú rẹ̀ kan tó dára. Ó rí i kedere bí ẹni tó rí ọ̀bẹ. Ẹnu Prince nìkan ni oríkì bàbá rẹ̀ wà báyìí, ohun tó bá sì wà lẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo, òun àti ẹni náà ni wọ́n jọ ń kú. Inú bédé ló ti lè dé ẹnu ọ̀pọ̀. Bí Atìlẹ̀kùn bá há mọ́ inú àpáta, kò sí ọmọ iléèwé tí yóò pariwo rẹ̀ mọ́. Bó bá sì wà láàyè, òun Mounirou ni yóò máa jẹ́ olè Bantè títí wọn yóò fi gbé òun sin.

"Má pa á," ló wí.

"Bàbá! Ẹ̀yin lẹ mà ní..."

"Mo ní má pa á. Jẹ́ kó máa ṣolè rẹ̀. Ìwé tó bá ti jáde, fi ìlà kan kún oríkì rẹ̀, títí yóò fi pé. Ṣé o gbọ́?"

Roukayath ti ń gbọ́. Ojú rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti tán níbẹ̀.

"Bàbá Samiath, ẹ jẹ́ kó yé mi. Ṣé olè yẹn kú ni, tàbí kò kú?"

Bébà náà ṣì wà lórí ẹní, àpáta pa dé nínú rẹ̀. Kó sáà tọ́ka sí i, ọ̀rọ̀ parí. Agbo á ṣe àmín, òun á padà sétí ọmọ. Mounirou wo bébà náà, ó wo ìyá Chitou.

"Kò kú, Ìyá Chitou. Kò sì ní í kú."

Roukayath na apá méjèèjì. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí a ṣe ń gba àwo gbígbóná lọ́wọ́ àlejò. "Ẹ má bínú," ló wí, "ọmọ wa ni. Wọ́n á gbé oúnjẹ wá fún yín." Ó gbé ọmọ wọ yàrá lọ.

Samiath kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú fóònù lórí ẹní níbi tí ó bọ́ sí. Prince ṣì ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ó ń pe Bàbá, Bàbá.

"Èmi ni, Samiath," ló wí. "Tún un sọ. Díẹ̀díẹ̀."

Ó fi fóònù sétí, ó tẹ̀ lé ìyá ọkọ rẹ̀ wọlé, aṣọ ẹnu ọ̀nà sì padà sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Wọ́n gbé ìrẹsì àti omi ìfọwọ́ wá fún Mounirou lábẹ́ ìbòòji. Àwọn ọmọ ilé pagbo yí i ká, wọn kò pariwo. Ọmọbìnrin kékeré tó sunkún lẹ́ẹ̀kan wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ nínú omi.

"Bàbá àgbà," ló wí, "ṣé lóòótọ́ ni pé bí ẹ bá ti tì í, ẹ ò lè ṣí i mọ́?"

Mounirou fọ ọwọ́ kan, ó fọ ìkejì. Ó gbọ́ ohùn Samiath nínú yàrá, ó ń lọ, ó ń dúró, bí ẹni tó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn; kò mọ ohun tó ń sọ. Ó bu ìrẹsì, ó ń jẹun.